Nígbà Tí Odi Bá Dé Ìdajì

Bíbélì kíkà: Nehemáyà 3:1-32, 4:6-10

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ kú ojúmọ́, ẹ sì kú ewu òjò. Ẹ̀yin tí omi wọlé yín, ẹ kú àdánù. Omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí sí kò ní í jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi láàárọ̀ yìí kàn wá, àwa tí ilé wa gbẹ. Òní ni Sátidé kẹta tí omíyalé ti ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní Sátidé àkọ́kọ́, èrò pọ̀ débi pé ọ̀nà ò gbà wá. Gbogbo ẹni tó ní ìgbálẹ̀ ló jáde. A gbé fóòmù tó rẹ, a gbá omi, a kọrin, a gbàdúrà. Ní Sátidé kejì, a ò ju mẹ́sàn-án lọ. Ilé mẹ́rin ṣì wà níbẹ̀ tí ẹrẹ̀ inú wọn ti ń gbẹ mọ́lẹ̀ báyìí.

Ẹ wo Nehemáyà orí kẹrin. Ẹsẹ kẹfà ní àwọn Júù mọ odi Jerúsálẹ́mù tó ti wó títí ó fi dé ìdajì, nítorí pé àwọn èèyàn náà ní ọkàn láti ṣiṣẹ́. Ẹ ò ní í kà jìnnà tí ẹ ó fi dé ẹsẹ kẹwàá, níbi tí Júdà ti ń sunkún pé agbára àwọn tó ń ru ẹrù ti ń tán, pé àlàpà pọ̀ jù, pé àwọn ò lè mọ odi náà. Àwọn kan náà tó ní ọkàn láti ṣiṣẹ́ ni o! Sáńbálátì àti Tòbáyà, àwọn ọ̀tá iṣẹ́ náà, ń halẹ̀ mọ́ wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí Júdà tó sọ̀rọ̀ ọ̀tá rárá, àlàpà ló kọ́kọ́ ké sí.

Ẹni tó bá dàgbà nílé alámọ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ àlàpà. Ògiri tó ti wó, tó jókòó gbagidi sójú ibi tó yẹ kó o ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. O ò lè kọ́lé lé e lórí, o ò sì lè fò ó kọjá. Kíkó ni. Ẹni tó bá ń kó àlàpà kì í rí nǹkan kan tọ́ka sí ní ìrọ̀lẹ́, torí ilé ò tíì ga, ilẹ̀ lásán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hàn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìfẹ́ wa ti ń rẹ̀.

Mo mọ̀ ọ́n lára. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, omi wọ ilé tí à ń gbé lóru. Ẹnì kan ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù dí ojú àgbàrá lẹ́yìnkùlé wa, a sọ̀rọ̀ títí, kò gbọ́. Bàbá àwọn ọmọ mi ò sí nílé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ilà tí omi fà sára ògiri dé orókùn mi. Àpò ẹlùbọ́ ti wú, ó ti bẹ́. Bíbélì tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi, ewé rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra pátápátá. Mo sá a sórí okùn bí aṣọ ọmọ. Ó gbẹ, ṣùgbọ́n títí dòní, tí mo bá ṣí i sí Àìsáyà orí kẹtàlélógójì, níbi tí Olúwa ti ṣèlérí pé nígbà tí a bá ń la omi kọjá Òun yóò wà pẹ̀lú wa, erùpẹ̀ gbígbẹ ṣì ń já bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ ò gbélẹ̀. Oúnjẹ wá, aṣọ wá, gbogbo èèyàn ń sọ pé Ọlọ́run fi òfò ra ẹ̀mí, mo sì ń ṣe àmín. Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá, èmi nìkan ni mo jókòó sórí korobá tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀, tí mò ń wo ẹrẹ̀.

Ọjọ́ náà ni Àáfà tó jẹ́ bíríkìlà ní ojúlé kejì wọlé, bó ṣe kírun àsùbáà tán, pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti páànù ìrukọnkéré. Kò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ ògiri yàrá àwọn ọmọ. Àtàǹpàkò náà wọlé bí ìgbà téèyàn tẹ àmàlà. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn síbí o. Ìgbà tí omi bá ti lọ tán, tí ọkàn èèyàn ti balẹ̀, ni ògiri alámọ̀ ń wó." Ó fi igi ti ògiri náà, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ wó apá tí omi ti jẹ nídìí kó tó wó lu ọmọ mi. Àfi bí mo ṣe ń kánjú kó bá mi rẹ́ ẹ padà, ó kọ̀. Ó ní ẹni tó bá rẹ́ ògiri tútù, omi ló sé mọ́nú ilé, kí n jẹ́ kó gbẹ dénú. Ojoojúmọ́ ló ń wá lẹ́yìn àsùbáà, kó tó lọ síbi iṣẹ́ tí wọ́n ti ń sanwó fún un, ó sì lé lọ́sẹ̀ kan.

Mo bi í pé èló ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ọ̀wẹ̀ ni. Mo ní, "Àáfà, mi ò bẹ ọ̀wẹ̀." Ó ní, "Ẹni tí omi lé jáde, níbo ló ti fẹ́ ráyè bẹ ọ̀wẹ̀?"

Mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn bàbá wa mọ àáró, wọ́n sì mọ ọ̀wẹ̀. Àáró, bá mi ro tèmi lónìí, kí n bá ọ ro tìrẹ lọ́la, gbèsè tí à ń san ni. Ọ̀wẹ̀, ẹni tó ni iṣẹ́ ló ń pe èèyàn jọ, òun náà ni yóò sì dáná fún wọn. Nílùú Ajílété tiwa níbí, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan, ta ló máa pe ọ̀wẹ̀ tí kò ní gbé ìkòkò kaná? Ṣùgbọ́n ẹni tí ìkòkò rẹ̀ bá àgbàrá lọ, kò ní ohun tí yóò fi bẹ ọ̀wẹ̀. Kò lágbára tí yóò fi san àáró. Níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo sí yìí ni Jésù ti dúró, tí Ó ń fi orúkọ ara Rẹ̀ bẹ̀ wá lọ́wẹ̀. Ó ní ohun tí a bá ṣe fún èyí tó kéré jù nínú àwọn ará Òun, Òun la ṣe é fún. Ọ̀wẹ̀ Rẹ̀ ni, Òun ló ń pè wá, Òun náà ni yóò bọ́ wa.

Ẹ padà sí orí kẹta. Ọ̀pọ̀ wa máa ń fò ó torí orúkọ pọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibi tó dùn jù nínú ìwé náà nìyẹn lójú tèmi. Alágbẹ̀dẹ wúrà wà nínú àwọn tó ń ru òkúta. Ẹni tó ń po tùràrí wà níbẹ̀. Ṣálúmù kó àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ wá. Àwọn ará Jẹ́ríkò àti Gíbéónì wá láti ìlú wọn, odi náà kì í ṣe odi ilé bàbá wọn. Ní ti àwọn ará Tẹkóà, àwọn ọlọ́lá ìlú wọn kọ̀ láti fi ọrùn wọn sábẹ́ iṣẹ́ náà. Àwọn ará Tẹkóà ò dúró dè wọ́n. Tí ẹ bá dé ẹsẹ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, ẹ ó tún bá wọn níbẹ̀, wọ́n ti mú ìpín kejì. Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń bínú pé àwọn èèyàn ńlá ò tíì yọjú, ìbínú yín tọ́, ẹ fi ṣọ́bìrì kún un.

Mẹ́súlámù tún ń bẹ ní ẹsẹ ọgbọ̀n, ó mọ odi tó kọjú sí yàrá rẹ̀. Yàrá ni wọ́n pè é. Mo rántí rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá nígbà tí mo rí akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì LAUTECH méjì tó háyà yàrá kan ṣoṣo lẹ́yìn ilé wa, tí wọ́n ń fi báárò kó ẹrẹ̀ ìyá opó iwájú jáde. Wọn ò ní ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Yàrá tí wọ́n ń sun àsùnsan lé lórí ni wọ́n ní, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ níbi tó kọjú sí i.

Ọ̀dọ̀ ìyá náà la ó kọ́kọ́ dé lónìí. Ẹ wọ bàtà òjò, ẹ má tọwọ́ bọ abẹ́ pàǹtírí láìfi igi yẹ̀ ẹ́ wò, torí ejò ti sá wọ ibẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má tan iná títí oníná yóò fi yẹ wáyà wò. Kànga ẹ̀yìnkùlé ti mu omi ṣáláńgá, a ò ní í mu ún, a ò ní í fi fọ abọ́. A ó fa omi inú rẹ̀, a ó pa kòkòrò rẹ̀, kí onígbáméjì má baà gba ohun tí omi fi sílẹ̀. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má ya ẹní àti aṣọ abẹ́ ìyá náà ní fọ́tò. Àgbàlagbà ni.

Ohun kan ṣì kù kí a tó kúnlẹ̀. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ẹ̀yin tó mọ Ìbàdàn ò ní í gbàgbé omíyalé odò Ògùnpa ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, àti ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 tó pa èèyàn tó lé ní 100. Lọ́dún 2022, ó lé ní 600 èèyàn tí omíyalé pa káàkiri Nàìjíríà, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan tó fi ilé sílẹ̀. Òjò ni ó rọ̀ lóòótọ́. Àwa la kó ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sí gọ́tà, àwa la kọ́lé sójú ọ̀nà omi. Nehemáyà ò tíì gbé òkúta kan nígbà tó jẹ́wọ́ pé òun àti ilé bàbá òun ti ṣẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ àdúrà wa níbẹ̀.

Baba wa, dárí jì wá. A dí ọ̀nà tí O là fún omi, aládùúgbò wa ló sì jìyà rẹ̀. Fún wa lọ́kàn tí yóò gbá gọ́tà kí òjò tó ṣú.

Olúwa, àwọn tó sùn lórí ilẹ̀ ìjọ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹbí lálẹ́ àná, rántí wọn. Má jẹ́ kí wọ́n di ẹni àwòdanù lójú ẹni tó gbà wọ́n sílé. Ẹni tí ọjà rẹ̀ bá omi lọ, rán ẹni tí yóò yá a lówó láìgba èlé sí i. Ọmọ tí ìwé rẹ̀ rẹ, má jẹ́ kí ọjọ́ iwájú rẹ̀ rẹ.

Jésù, ọmọ káfíńtà, Ìwọ tó mọ bí igi ṣe ń wúwo léjìká, dúró ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lónìí. Kí ògiri má wó lu ẹnikẹ́ni nínú wa. Kí ejò má bù wá ṣán, kí ìṣó má gún wa lẹ́sẹ̀. Bùkún Àáfà àti ilé rẹ̀ níbi yòówù kó wà láàárọ̀ yìí.

Ẹ̀mí Mímọ́, agbára àwọn tó ń ru ẹrù ń tán, àlàpà sì pọ̀. Ìwọ lo mọ ẹni tó ti pinnu nínú ọkàn rẹ̀ pé òun ò ní í jáde lónìí. Rọra jí i. Sọ ọwọ́ wa dọ̀tun, títí ìyá yìí yóò fi ti ilẹ̀kùn ara rẹ̀ sùn.

Ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.

Aago méje ààbọ̀ la ó pàdé níwájú ilé ìyá. Ṣọ́bìrì tó wà nílẹ̀ ò pé, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó bá ní mú tiẹ̀ dání.