Kowalski: Orúkọ Alágbẹ̀dẹ Tí Ó Wọ Aṣọ Ọlọ́lá

MOJÍ: Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ wà ní Ìlú Ọba, ní Amẹ́ríkà àti níbi gbogbo tí ohùn wa ti ń dé ọ̀dọ̀ yín. Èmi ni Mojí, àbúrò mi Kúnlé sì jókòó tì mí. Láti ọdún 2004 tí Póláǹdì ti wọ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ni àwọn ará ibẹ̀ ti pọ̀ sí i ládùúgbò wa níhìn-ín, nígbà tí ìjọba sì ka àwọn ènìyàn ní ọdún 2011, èdè wọn ni ó tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì ní England. A jọ ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ wa jọ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan náà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wa ni ó ń pe orúkọ wọn láìmọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó sì máa ń dùn wá bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí tiwa. Orúkọ ìdílé kan ṣoṣo ni a fẹ́ tú lónìí, Kowalski sì ni.

KÚNLÉ: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń pè é. W tí ó wà láàárín rẹ̀ kì í dún bí W tiwa. Bí V inú Victoria ni wọ́n ń pè é, àárín orúkọ náà ni wọ́n sì ń tẹ ohùn mọ́. Ní ti ìtumọ̀, alágbẹ̀dẹ ni gbòǹgbò rẹ̀. "Kowal" ni àwọn ará Póláǹdì ń pe alágbẹ̀dẹ, ó sì bá ọ̀rọ̀ ìṣe "kuć" tan, èyí tí ó túmọ̀ sí kí ènìyàn rọ irin. Abúlé tí kò bá ní alágbẹ̀dẹ láyé àtijọ́ kò lè rí ohun ìtúlẹ̀, kò lè rí dòjé ìkórè, kò sì ní rí ẹni tí yóò kan bàtà irin mọ́ pátákò ẹṣin. Nítorí náà kò sí àdúgbò tí a kò ti lè rí ìdílé tí wọ́n ń fi iṣẹ́ yìí mọ̀.

MOJÍ: Èyí kò ṣàjèjì sí wa rárá. Ẹni tí ó bá dàgbà nítòsí ilé arọ, tí ó mọ ìró owú àti èémí ẹwìrì, yóò mọ ìdí tí Ògúndélé àti Ògúnbíyìí fi wà láàárín wa. Àmọ́ mo kíyè sí ìyàtọ̀ kan: òrìṣà tí ó ni irin ni àwa fi sínú orúkọ, àwọn ní tiwọn fi ẹni tí ó ń rọ irin sí i.

KÚNLÉ: Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀ jù lójú mi ni "ski" tí ó wà ní ìparí.

MOJÍ: Èmi rò pé ọmọ alágbẹ̀dẹ ni ó túmọ̀ sí.

KÚNLÉ: Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò bẹ́ẹ̀, mà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ ni "ski" ń tọ́ka sí. Àfòmọ́ ni, ohun tí ó ń sọ kò sì ju "ti ibi báyìí" tàbí "ti nǹkan báyìí" lọ. Àwọn ọlọ́lá tí wọ́n ní ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun iyì. Bí ọlọ́lá kan bá ni ìlú Tarnów, wọn a pè é ní Jan ará Tarnów. Nígbà tí ó yá, ó di Jan Tarnowski. Orúkọ ilẹ̀ rẹ̀ ni ó ń jẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi oyè tí ó so mọ́ ilẹ̀ pe baálẹ̀. Àwọn abúlé kan sì wà tí ń jẹ́ Kowale, nítorí pé láyé àwọn ọba ìran Piast, wọ́n máa ń tẹ abúlé kan dó fún iṣẹ́ kan ṣoṣo tí àwọn ará ibẹ̀ yóò máa ṣe fún ọba: àwọn alágbẹ̀dẹ ní Kowale, àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ní Złotniki, àwọn tí ń ṣe búrẹ́dì ní Piekary. Ẹni tí ó bá ti irú Kowale bẹ́ẹ̀ jáde lè di Kowalski láìjẹ́ pé bàbá rẹ̀ fọwọ́ kan owú rí.

MOJÍ: Ó ti di ọ̀nà méjì tí ó wọ ọjà kan náà nìyẹn.

KÚNLÉ: Ọ̀nà kejì ni ó gba èrò jù. Nígbà tí "ski" ti di àmì ọlá, àwọn ará ìlú àti àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún orúkọ iṣẹ́ wọn. Ẹni tí ń jẹ́ Kowal lásán di Kowalski, orúkọ náà sì wọ aṣọ tí àwọn onílẹ̀ ń wọ̀. Lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀, orúkọ ẹ̀yìn lè yí padà bí ènìyàn bá kúrò ní oko kan bọ́ sí òmíràn. Lẹ́yìn tí Prussia, Ọ́síríà àti Rọ́ṣíà ti pín Póláǹdì mọ́ra wọn lọ́wọ́ ní 1772, 1793 àti 1795, àwọn akọ̀wé ìjọba ń fẹ́ mọ ẹni tí yóò san owó orí àti ẹni tí yóò wọṣẹ́ ológun, òfin sì ń fẹ́ orúkọ tí kì í yẹ̀. Bí orúkọ ṣe dúró sójú kan nìyẹn.

MOJÍ: Wọ́n pọ̀ tó mélòó báyìí?

KÚNLÉ: Nowak, tí ó túmọ̀ sí ẹni tuntun tí ó dé sí ìlú, ni ó wà níwájú, àwọn tí ń jẹ́ ẹ sì tó nǹkan bí 200,000. Kowalski ni ó tẹ̀lé e, tọkùnrin tobìnrin wọn sì lé ní 130,000. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé Kowalczyk, èyí tí ó jẹ́ ọmọ alágbẹ̀dẹ tàbí ọmọṣẹ́ rẹ̀ ní tòótọ́. Òun náà wà lára orúkọ mẹ́wàá tí ó pọ̀ jù. Bí a bá ka àwọn méjèèjì pọ̀, àwọn ará ilé arọ ju àwọn Nowak lọ. Kowalski wá wọ́pọ̀ débi pé Jan Kowalski ni orúkọ tí wọ́n máa ń kọ sórí fọ́ọ̀mù àpẹẹrẹ ní báńkì, bí wọ́n bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa mẹ̀kúnnù, wọn a ní "Kowalski". Orúkọ tí ó fi àfòmọ́ àwọn ọlọ́lá ṣe ọ̀ṣọ́ ti di orúkọ gbogbo ènìyàn.

MOJÍ: Mo fẹ́ kí a dé orí ti àwọn obìnrin, nítorí pé mo ti rí wàhálà rẹ̀.

KÚNLÉ: Ọ̀rọ̀ tí ń yán orúkọ ni "Kowalski" nínú gírámà wọn, ó sì gbọ́dọ̀ bá ẹni tí ń jẹ́ ẹ mu. Ọkọ a jẹ́ Kowalski, aya àti ọmọbìnrin a jẹ́ Kowalska, gbogbo ìdílé lápapọ̀ a sì jẹ́ Kowalscy. Nowak kì í yí padà bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀. Nowak ni ọkọ, Nowak ni aya.

MOJÍ: Nínú ìjọ Àgùdà, ọ̀pọ̀ wa ni ó ní àwòrán Àánú Ọlọ́run nílé, èyí tí wọ́n kọ "Jésù, mo gbẹ́kẹ̀ mi lé Ọ" sí nísàlẹ̀. Màmá mi ń gba àdúrà náà ní aago mẹ́ta ọ̀sán lójoojúmọ́. Faustyna tí ìfọkànsìn náà ti ọwọ́ rẹ̀ wá, Helena Kowalska ni wọ́n sọ ọ́ kí ó tó di obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́. Abúlé Głogowiec ni wọ́n bí i sí ní 1905, ó kú ní Kraków ní 1938, Póòpù John Paul Kejì sì kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́ ní ọdún 2000. Àgbẹ̀ tí ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà ni bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ irin ti kúrò nílé wọn, orúkọ rẹ̀ ni ó kù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń gba àdúrà yẹn kí n tó mọ̀ pé orúkọ alágbẹ̀dẹ ni ẹni mímọ́ náà ń jẹ́.

KÚNLÉ: Irin kò mọ ààlà. Koval wà ní Ukraine, Kovač wà ní Serbia, àwọn ará Hungary sì yá Kovács lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò wọn. Schmidt ti Jámánì àti Smith ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ kan náà ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn Kowalski kan tí wọ́n lọ sí Amẹ́ríkà fi sọ ara wọn di Smith: wọ́n túmọ̀ orúkọ náà, wọn kò sọ ọ́ nù pátápátá.

MOJÍ: Wàhálà tí mo ní mo rí nìyí. Obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ lọ forúkọ ọmọbìnrin rẹ̀ sílẹ̀. Akọ̀wé wo ìwé bàbá, ó rí Kowalski. Ó wo ìwé ìyá, ó rí Kowalska. Ó ní àṣìṣe ni, pé kí wọ́n kọ èyí tí ó wà lórí ìwé bàbá. Inú bí mi nígbà tí ó sọ ọ́ fún mi, nítorí pé mo mọ bí ó ti rí kí wọ́n gé orúkọ ènìyàn kí ó lè bá àpótí fọ́ọ̀mù mu. Ṣé o rí i, lẹ́tà kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n òun ni ó ń sọ pé obìnrin ni ọmọ náà.

KÚNLÉ: Kí ni ó wá ṣe, mà?

MOJÍ: Kò dìde níwájú akọ̀wé náà. Ó ṣàlàyé, ó sì tún un ṣàlàyé. Ẹ̀rín ni ó ń rín nígbà tí ó fi ìwé ìbí hàn mí lọ́jọ́ kejì, ó na ìka sí A tí ó gbẹ̀yìn orúkọ náà, ó sì ní kí n kà á sókè.