Mọ Ínhélà Tó Wà Lọ́wọ́ Rẹ: Ọ̀rọ̀ Lórí Ikọ́ Fée

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ kú ìjókòó o.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ikọ́ fée ló ní ínhélà búlúù lápò. Salbutamol ni oògùn inú rẹ̀. Ventolin la sábà ń pè é, ó sì ti wà láti ọdún 1969. Lọ́dún 2019, GINA, ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú ikọ́ fée, sọ pé kí àgbàlagbà àti ọmọ tó ti pé ọdún 12 má ṣe fi búlúù nìkan tọ́jú ara wọn mọ́. Ìlú Ọba náà gbé irú ìlànà bẹ́ẹ̀ jáde lọ́dún 2024. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò tíì dé etí ọ̀pọ̀ ènìyàn nílé, ó sì ń dùn mí.

Kí ló dé tí búlúù nìkan kò fi tó? Nígbà tí àyà bá ń dún fée, iṣan tó yí ọ̀nà èémí ká ló fún pọ̀. Búlúù á tú u sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ara á sì tù wá. Ṣùgbọ́n inú ọ̀nà èémí náà ti wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ti kó síbẹ̀, àní lọ́jọ́ tí a rò pé ara wa yá. Búlúù kò kan ìyẹn rárá. Ẹni tó gbára lé e dà bí ẹni tó ń nu omi nílẹ̀ nígbà tí òrùlé ṣì ń jò. Ẹni tó bá ń lo agolo 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún ti wà nínú ewu.

Steroid tí a ń fà sínú ló ń mú ibi tó wú náà wálẹ̀: beclometasone, budesonide àti irú wọn. Mo mọ̀ pé orúkọ steroid ń ba àwọn ìyá lẹ́rù. Ìwọ̀nba kékeré ni ti ínhélà, ẹ̀dọ̀fóró ló sì ń lọ tààrà. Ẹ ṣáà máa fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ tu ú dànù, kí nǹkan funfun má bàa hù sẹ́nu.

Ẹ tún ka orúkọ tó wà lára páálí dáadáa. Èyí tó ní budesonide àti formoterol pọ̀ ṣeé lò nígbà tí èémí bá há, torí formoterol ń yára tú iṣan ọ̀nà èémí sílẹ̀. Seretide, ínhélà mìíràn tó ní steroid, kò rí bẹ́ẹ̀; salmeterol inú rẹ̀ kì í yára, ojoojúmọ́ ni ti ẹ̀. Látìgbà tí GSK, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Ventolin àti Seretide, ti kéde lóṣù kẹjọ ọdún 2023 pé àwọn ń kúrò ní Nàìjíríà, tí owó oògùn wọ̀nyí sì fò sókè, ohun tí kẹ́mísìtì bá rí ni wọ́n ń tà fún wa. Ẹ má gbà á láìbéèrè iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ní ti ara yín, ẹ wo ọ̀sẹ̀ 4 tó kọjá. Ṣé ikọ́ jí yín lóru? Ṣé ẹ lo búlúù ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀? Ṣé ẹ dá iṣẹ́ kan dúró nítorí èémí? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú ohun tó ṣáájú rẹ̀: ọyẹ́, èéfín jẹnẹrétọ̀, lọ́fíńdà, aáyán. Ìwé yẹn wúlò fún dókítà ju “ara mi kò yá” lọ.

Bí ọmọ kò bá lè fa ínhélà bó ṣe yẹ, ẹ lu ihò sí ìdí ìgò ike 500 ml, kí ẹnu ínhélà wọ ibẹ̀ pinpin, kí ọmọ máa mí láti ẹnu ìgò. Ìwádìí kan ní South Africa lọ́dún 1999 fi hàn pé ó ṣiṣẹ́ bíi spacer, ike tí wọ́n ń tà lọ́jà láti fi fa ínhélà.

Bí ẹnì kan kò bá lè parí gbólóhùn kan láìdúró mí, tàbí ètè rẹ̀ ń ṣú, ẹ fún un ní búlúù, ìfín 4, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Ẹ lè tún un ṣe lójú ọ̀nà lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20.