Ohun Tó Ń Dá Ọ̀rọ̀ Dúró Lójú Ọ̀nà: Láti 2G Dé 5G

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ jẹ́ kí a wo ìyá kan ní Ìbàdàn tó ń fi fídíò bá ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀. Ìyá bèèrè pé, "Ṣé àlàáfíà lo jí?" Ọmọ ti dáhùn, ṣùgbọ́n ìyá kò tíì gbọ́, ó tún bèèrè, àfi bí ìdáhùn àkọ́kọ́ ṣe kọlu ìbéèrè kejì, tí àwọn méjèèjì sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Dátà kò tán. Ọ̀rọ̀ ló pẹ́ lójú ọ̀nà, ohun tí mo sì ń pè ní ìdádúró nìyẹn.

Ìdádúró yàtọ̀ sí ìyára tí wọ́n ń polówó. Ìyára ni bí omi ẹ̀rọ ṣe ń tú jáde tó. Ìdádúró ni bí ó ṣe pẹ́ tó kí ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó kán lẹ́yìn tí a ṣí ẹnu ẹ̀rọ. Mìlísẹ́kọ́ǹdù, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, la fi ń wọ̀n ọ́n. Lórí 2G, ìyẹn ìran kejì nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, àlọ àti àbọ̀ ọ̀rọ̀ máa ń gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún mìlísẹ́kọ́ǹdù. Lórí 4G tó dára, ó sábà máa ń wà láàárín 30 sí 50. 5G sì lè mú un wá sí 10 sí 20.

Báwo ló ṣe dín kù? Fóònù kì í sọ̀rọ̀ nígbà tó bá wù ú; òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà nítòsí ló ń fún un ní àyè, bí àyè bá sì ṣe kúrú tó ni yóò tètè kàn án tó. Àyè kan lórí 3G àkọ́kọ́ kò kéré sí mìlísẹ́kọ́ǹdù 10. Lórí 4G, ó di 1, lórí ọ̀pọ̀ 5G sì ni ó di ìlàjì mìlísẹ́kọ́ǹdù. Nígbà 3G àkọ́kọ́ náà, bí ọ̀rọ̀ bá sọnù lójú afẹ́fẹ́, ẹ̀rọ alákòóso tó wà lókèèrè, tó ń darí ọ̀pọ̀ òpó, ló gbọ́dọ̀ gbọ́ kí wọ́n tó tún un fi ránṣẹ́. 4G yọ alákòóso yìí kúrò, ó sì gbé àṣẹ lé òpó fúnra rẹ̀ lọ́wọ́. Lójú tèmi, àtúnṣe yìí ló tóbi jù nínú gbogbo ìtàn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 5G la ń pariwo.

Fóònù tún máa ń sùn nínú àpò. Lórí 3G, jíjí rẹ̀ lè gbà tó ìṣẹ́jú àáyá méjì, ìdí nìyí tí ojú ìwé àkọ́kọ́ fi máa ń fà tí èkejì sì ń yá. Wọ́n ṣe 4G kí ó lè jí láàárín mìlísẹ́kọ́ǹdù 100.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí mìlísẹ́kọ́ǹdù 1 tí wọ́n fi ń júwe 5G tàn yín jẹ. Àfojúsùn fún ìrìn láàárín fóònù àti òpó nìkan ni. Láti òpó lọ, inú okùn onígíláàsì ni ọ̀rọ̀ ń gbà bí ìmọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yìí sì ń rin nǹkan bí kìlómítà 200 láàárín mìlísẹ́kọ́ǹdù kan; kò lè ti Ìbàdàn lọ sí Èkó kí ó sì padà láàárín àkókò yẹn.

Okùn abẹ́ òkun MainOne, tó so Èkó mọ́ Pọ́túgàl láti ọdún 2010, gùn tó nǹkan bí kìlómítà 7,000: mìlísẹ́kọ́ǹdù 35 ní àlọ nìkan. Tí a bá fi ọ̀nà tó kù dé Lọ́ńdọ̀nù kún un, ó di bí 50. Àjọ ITU, tó ń rí sí ètò ìbánisọ̀rọ̀ lágbàáyé, sì ní bí àlọ kò bá ju 150 lọ, ọ̀pọ̀ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kò ní dàrú. 100 tó ṣẹ́ kù ni òpó ìhà méjèèjì àti fóònù méjèèjì ní láti pín: 2G nìkan lè jẹ ẹ́ tán, àmọ́ 4G tó dára máa ń jẹ́ kí ó ṣẹ́ kù tó kí ìdáhùn ọmọ lè dé etí ìyá kí ó tó tún ìbéèrè rẹ̀ bi.