Ta Ló Pè Wọ́n? Bí Ìrìn-Àjò Ìhìnrere Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Sí Abúlé Ṣe Ń Lọ

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òǹwòran wa.

Ẹ wo fọ́tò tó wà lójú yín yìí. Àwọn ọ̀dọ́ bí ogún rèé, ẹ̀wù kan náà ni gbogbo wọn wọ̀, wọ́n sì kọ orúkọ ìjọ wọn sí i láyà. Àwọn ọmọ abúlé rọ̀gbà yí wọn ká, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó lè jẹ́ Malawi, ó lè jẹ́ Uganda, ó sì lè jẹ́ abúlé kan ní Nàìjíríà níbí. Ẹni tó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì déédéé á ti rí irú fọ́tò yìí rí, bóyá akẹ́kọ̀ọ́ kan tiẹ̀ ti kọ̀wé sí i pé kó fowó ran òun lọ́wọ́ kí òun lè bá wọn lọ. Kí ni wọ́n ń lọ ṣe níbẹ̀ gan-an? Ta ló pè wọ́n? Bí bọ́ọ̀sì wọn bá sì ti lọ tán, kí ló kù nílẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ o. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1857, David Livingstone, míṣọ́nnárì ọmọ ilẹ̀ Scotland tó rin Áfíríkà já, dúró níwájú àwọn èèyàn ní Yunifásítì Cambridge, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀nà tí òun ti là sí Áfíríkà tún dí padà. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ míṣọ̀n kan sílẹ̀, tí Cambridge, Oxford, Durham àti Dublin jọ gbé dìde. Charles Mackenzie, tó ti mókè nínú ìmọ̀ ìṣirò ní Cambridge, ni wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ní 1861, òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí Magomero, ní gúúsù ibi tí à ń pè ní Malawi lónìí.

Wọn ò gbọ́ èdè ibẹ̀. Wọ́n pàdé àwọn tó ń kó ẹrú kọjá, wọ́n sì tú àwọn ẹrú náà sílẹ̀. Ìyẹn dáa, ta ni yóò bú wọn? Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi gbè sẹ́yìn àwọn Mang'anja, ẹ̀yà kan níbẹ̀, wọ́n gbé ìbọn, wọ́n sì bá wọn ja àwọn Yao, ẹ̀yà mìíràn, nínú ìjà tí wọn ò mọ ìdí rẹ̀ dénú. Ní oṣù Kìíní 1862, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tí Mackenzie wà nínú rẹ̀ dojú dé, oògùn ibà wọn sì bọ́ sódò. Kí oṣù náà tó parí, ibà ti pa á. Nígbà tó fi máa di 1864, wọ́n ti gbé míṣọ̀n náà kúrò níbẹ̀ lọ sí Zanzibar.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní apá ọ̀dọ̀ tiwa níbí lọ́dún 1857 kan náà. Ajàyí Crowther, tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ní Freetown ní 1827, kó àwọn ọmọ Áfíríkà bíi tirẹ̀ gòkè Odò Ọya. Ó fi John Christopher Taylor sí Onitsha. Sàró ni wọ́n ti bí Taylor, ṣùgbọ́n ọmọ Ìgbò ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ìjọ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ṣì wà dòní olónìí.

Kì í ṣe pé ìgbàgbọ́ àwọn ará Cambridge kò tó. Mackenzie fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i. Àmọ́ Crowther ní ẹni tó lè fi síbẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti àwọn ará ibẹ̀. Mackenzie kò ní. Bẹ́ẹ̀, àwọn Mackenzie kò wá fún ọ̀sẹ̀ méjì o, wọ́n wá láti wá gbé ni. Ẹ wá ro ti àwọn ọmọ òde òní wò.

Ìrìn-àjò tòde òní kì í pẹ́. Láti ìgbà tí ọkọ̀ òfurufú ti sọ ọ̀nà jíjìn di ti wákàtí díẹ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ bíi Youth With A Mission, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1960, ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ jáde fún ìgbà kúkúrú, ìsinmi ọlọ́sẹ̀ mélòó kan ti tó láti lọ kí a sì bọ̀. Nàìjíríà náà ní tirẹ̀. Láti 1973 tí ìjọba ti dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ilé ìwé gíga ló ti bá ara wọn lábúlé tí wọn ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Àwọn Kristẹni inú wọn, lábẹ́ ẹgbẹ́ NCCF, máa ń jáde lọ wàásù láwọn abúlé tí mọ́tò kì í fẹ́ẹ́ dé. Rural Rugged ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ti lọ rí á sọ fún yín nípa ẹrẹ̀, ọ̀kadà, àti ilẹ̀ kíláàsì tí wọ́n sùn sí. Ẹ má sì rò pé torí pé ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n, èdè kò ní há wọn lẹ́nu. Ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n fi sí abúlé kan ní Taraba, bí òyìnbó ló ṣe rí lójú àwọn ará ibẹ̀ bó bá di ti ọ̀rọ̀ sísọ.

Ti ìmúrasílẹ̀ kò ní gbà wá lásìkò. Ìwé ìrìnnà, físà tó bá iṣẹ́ tí wọ́n ń lọ ṣe mu, àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, tí wọ́n gbọ́dọ̀ ti gbà ní ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kí wọ́n tó dé ibodè. Láti 2016, káàdì abẹ́rẹ́ náà ti di ti gbogbo ọjọ́ ayé. Ó tán.

Ó dọjọ́ tí wọ́n dé. Bí ẹni tó mú wọn wá bá mọ ohun tó ń ṣe, ààfin tàbí ilé baálẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ yà, wọ́n á sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ àti ohun tí wọ́n bá wá. Láàárọ̀, wọ́n á kó àwọn ọmọdé jọ fún orin àti ìtàn Bíbélì. Lọ́sàn-án, àwọn kan á máa kun ògiri ilé ìwé, àwọn kan á máa lọ láti ilé dé ilé. Tílẹ̀ bá ṣú, wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n á so aṣọ funfun kọ́, wọ́n á fi fíìmù hàn, ìwàásù á sì tẹ̀ lé e.

Ìwàásù yìí ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí díẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ló gbá máìkì mú, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò: ògbufọ̀ ló ń wàásù gan-an. Ohun tó bá sọ ni abúlé gbọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá da àwàdà ìlú rẹ̀, tí gbogbo èèyàn sì rẹ́rìn-ín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ògbufọ̀ kàn ní, "Àlejò wa dápàárá o, ẹ bá wa rẹ́rìn-ín." Ẹ má rẹ́rìn-ín ju bẹ́ẹ̀ lọ, òótọ́ ni. Ògbufọ̀ tó mọ Bíbélì, tó sì mọ abúlé, lè tún ìwàásù tí kò lórí tí kò nídìí ṣe. Èyí tí kò mọ ọ̀kankan lè ba èyí tó dáa jẹ́. Síbẹ̀, wọ́n lè fi oṣù púpọ̀ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní orin àti eré, kó jẹ́ pé àárọ̀ ọjọ́ ìwàásù ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bá ògbufọ̀ pàdé.

Lẹ́yìn ìwàásù, wọ́n á ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba Jésù nawọ́ sókè. Ọwọ́ á kún pápá. Nínú ọ̀wọ̀ tí ọ̀pọ̀ abúlé ní fún àlejò, a kì í wo ojú ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá kí a sọ pé rárá. Àwọn mìíràn ti nawọ́ fún àwọn tó wá lọ́dún tó kọjá, àwọn mìíràn ti jẹ́ díákónì láti ọjọ́ yìí wá. Àwọn Kristẹni tó wà ní Áfíríkà lónìí lé ní 600 mílíọ̀nù, kò sí ilẹ̀ mìíràn láyé tí wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, abúlé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rò pé àwọn ló kọ́kọ́ mú ìmọ́lẹ̀ wá síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìjọ mẹ́ta ti wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Pásítọ̀ ibẹ̀ mọ ẹni tó nawọ́ látọkànwá àti ẹni tó nawọ́ nítorí ìtìjú. Òun ló yẹ kó kọ ìjábọ̀ iye àwọn tó gba Jésù lóòótọ́.

Iṣẹ́ ọwọ́ ńkọ́? Bí bíríkìlà bá wà lábúlé tí kò ríṣẹ́, tí àwọn ọmọ tí kò gbá kọ̀ǹkéré mú rí wá ń mọ ògiri lójú rẹ̀, kí la fẹ́ kó rò? Ti ìtọ́jú ara le ju ìyẹn lọ. Ẹni tó ṣì ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ibi yòówù tí ọkọ̀ òfurufú ì báà gbé e dé. Bí wọ́n bá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá àgbàlagbà kan, tí wọ́n fún un lóògùn ọ̀sẹ̀ méjì, àìsàn tí à ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́ ni wọ́n fi í sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Àfi bí wọ́n bá ti bá ilé ìwòsàn tó wà nítòsí ṣètò ẹni tí yóò máa bójú tó o.

Ilé ọmọ òrukàn ni kí wọ́n jìnnà sí jù. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ló ní ìyá tàbí bàbá láàyè. Òṣì ló gbé wọn débẹ̀, owó àwọn àlejò sì ń jẹ́ kí àwọn kan máa wá ọmọ kún ilé. Lọ́dún 2019, Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé kìlọ̀ nípa ìpalára tí irú ìbẹ̀wò yìí ń ṣe fáwọn ọmọ. Ọmọ tó ti dì mọ́ àǹtí kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí àǹtí lọ, tí òmíràn dé, ta ni yóò wá gbẹ́kẹ̀ lé?

Kànga ẹlẹ́rọ náà wà níbẹ̀. Wọ́n á gbẹ́ ẹ, wọ́n á kọ orúkọ ìjọ sí i, wọ́n á ya fọ́tò. Ní gúúsù Sàhárà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn kànga afọwọ́fà ni kì í ṣiṣẹ́, nígbà púpọ̀ torí pé ohun kékeré kan bàjẹ́, kò sì sí ẹni tí wọ́n kọ́ láti tún un ṣe.

Ṣé kí wọ́n má lọ mọ́ ni? Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí Lúùkù orí kẹwàá. Jésù rán àádọ́rin èèyàn ní méjì-méjì, ó ní kí wọ́n má mú àpò, kí wọ́n dúró sí ilé kan, kí wọ́n sì jẹ ohun tí wọ́n bá gbé ka iwájú wọn. Àlejò ni wọ́n lọ jẹ́, ẹni tí ebi lè pa bí onílé kò bá ṣí ilẹ̀kùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sùn sílé onílé, tó bá ìyá ilé pọnmi, tó jẹ́ kí àwọn ọmọ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí èdè tó ń dà lẹ́nu òun, á gbọ́ ohun tí ẹni tó kó ogún àpótí wá kò lè gbọ́. Mo fara mọ́ irú ìyẹn ju èyí tó dé pẹ̀lú ẹ̀bùn tó kún bọ́ọ̀sì.

Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá kọ̀wé ìrànlọ́wọ́ sí yín, kẹ́ ẹ tó fi owó ránṣẹ́, ẹ bi í léèrè orúkọ ìjọ tó pè wọ́n, ohun tí ìjọ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ń fẹ́, àti ẹni tí yóò máa bẹ àwọn tó nawọ́ wò ní oṣù kẹta lẹ́yìn tí àlejò bá ti lọ. Bí kò bá rí èsì fún yín, ẹ ní kó padà lọ bi olórí ẹgbẹ́ wọn.

Ẹ sì bá a sọ ọ̀rọ̀ oògùn tí wọ́n ń lò kí ibà má baà mú wọn, torí ọ̀pọ̀ wọn ló ń jù ú nù ní kété tí wọ́n bá délé. Ẹni tó bá ń lo doxycycline gbọ́dọ̀ lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí i lẹ́yìn tó bá kúrò níbi tí ẹ̀fọn wà. Ti atovaquone-proguanil jẹ́ ọjọ́ méje. Bí ara rẹ̀ bá gbóná nígbàkigbà láàárín ọdún kan tó délé, kó tètè lọ sílé ìwòsàn, kó sì kọ́kọ́ sọ orúkọ orílẹ̀-èdè tó lọ fún dókítà.