Òdòdó Láàárín Ẹ̀fọ́: Ohun Tí Marigold Ń Ṣe Lábẹ́ Ilẹ̀ àti Lókè

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ àti ẹ̀yin tó ní ọgbà sẹ́yìnkùlé. Ọ̀pọ̀ ló ti gbọ́ pé marigold ń lé kòkòrò. Wọ́n wá gbin ìdí mẹ́ta sáàárín tòmátò, síbẹ̀ tòmátò rọ. Bí wọ́n ṣe gbìn ín ló fà á.

Ẹ fa ewédú tí kò dàgbà dáadáa tu, kí ẹ fi omi ṣan gbòǹgbò rẹ̀. Bí ẹ bá rí kókó lára rẹ̀, aràn tíńtín tí ojú lásán kò lè rí ló ń jẹ ẹ́. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ẹ̀wà o: kókó tó ń ṣe ẹ̀wà lóore máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò, ẹ lè fi ọwọ́ yọ ọ́, inú rẹ̀ sì máa ń pọ́n díẹ̀. Ti aràn kò ṣeé yọ, nítorí gbòǹgbò gan-an ló wú. Nínú ilẹ̀ gbígbóná bíi tiwa, nǹkan bí oṣù kan ni ìran aràn tuntun fi ń dé.

Gbòǹgbò marigold, pàápàá irú èyí tí wọ́n ń pè ní Tagetes patula, ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní alpha-terthienyl, tó ń pa aràn yìí. Gbòǹgbò tó wà láàyè ló ń ṣiṣẹ́ náà, agbára rẹ̀ kì í sì rìn jìnnà. Bí tòmátò bá wà nítòsí, ara tòmátò ni aràn yóò wọ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí marigold kọ́kọ́ gba ilẹ̀, òun nìkan, fún oṣù méjì ó kéré tán.

Ẹni tó bá fẹ́ gbin tòmátò láàárín oṣù Kẹjọ, kó fọ́n irúgbìn marigold sí nọ́sìrì ní oṣù Kẹrin. Á hù láàárín ọjọ́ 5 sí 7. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ẹ ṣí i lọ sórí bẹ́ẹ̀dì, kí àlàfo àárín wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15. Bẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ ní mítà 1.2, tó gùn ní mítà 5, yóò gba bíi 260 ìdí. Ó pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ bó bá fọ́nká, aràn á rí àyè sá sí. Níparí oṣù Keje, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ fi ọkọ́ ro ó mọ́lẹ̀, kí ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kí tòmátò tó wọlé.

Èpò ló sábà máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni aràn ń gbé lára rẹ̀, nítorí náà bẹ́ẹ̀dì tí a kò ro yóò máa bọ́ ohun tí a fẹ́ pa. Ẹ má sì fi ṣọkọ tó tanná rọ́pò marigold. Aràn yìí ń jẹ òun náà gan-an. Ẹ ó tún gbin marigold kí ẹ tó gbin tòmátò mìíràn síbẹ̀, torí aràn tó ṣẹ́kù á tún pọ̀.

Lókè ilẹ̀, oúnjẹ ni òdòdó ń pèsè fún àwọn tó ń bá wa ṣọ́ ẹ̀fọ́. Eṣinṣin kan wà tó ní ìlà dúdú àti yẹ́lò, tó máa ń dúró lójú kan nínú afẹ́fẹ́. Omi dídùn inú òdòdó ló ń mu, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ń jẹ àwọn kòkòrò kéékèèké tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ ewé ilá. Fún èyí, etí bẹ́ẹ̀dì ló yẹ òdòdó. Ẹ yan marigold olórí ìtànná kan ṣoṣo. Èyí tí pẹ́táàlì rẹ̀ kún máa ń dí ọ̀nà oúnjẹ náà. Ẹ̀fínrín tí a jẹ́ kó tanná wúlò bákan náà. Ẹni tó bá ń fín oògùn kòkòrò ń pa àwọn olùrànlọ́wọ́ yìí mọ́ ọ̀tá.

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ máa yẹ abẹ́ ewé marigold wò. Kòkòrò pupa tíńtín tó ń ta òwú bí aláǹtakùn fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Bí ewé bá ti ní tótòtó funfun, ẹ tu ìdí náà, ẹ sun ún, kó má baà ran tòmátò.