Kíláàsì kọ́ ló ń mú kírẹ́dítì wá: AP Government ní Texas

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní sẹ́kọ́ńdírì ní Texas, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ AP Government, kíláàsì ìpele yunifásítì nípa ìjọba Amẹ́ríkà tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ní sẹ́kọ́ńdírì. Ọmọ lè gba A nínú kíláàsì yìí látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí yunifásítì má sì fún un ní kírẹ́dítì kankan, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kà mọ́ oyè rẹ̀. Ìdánwò oṣù karùn-ún ti College Board, àjọ tó ń ṣètò AP, ló ń mú kírẹ́dítì wá. Máàkì rẹ̀ ń lọ láti 1 dé 5. Òfin Texas ti 2015 ní kí yunifásítì ìjọba gba 3, àfi tí wọ́n bá ní ẹ̀rí pé ó yẹ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Oṣù kọkànlá ni ìforúkọsílẹ̀ máa ń parí. Kóòdù tí tíṣà fún ọmọ láti fi wọ My AP, ojú ìwé College Board lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nìkan kò tó; ẹ bi ẹni tó ń bójú tó AP nílé ẹ̀kọ́ bóyá orúkọ ọmọ yín ti wà lára àwọn tí yóò jókòó ṣèdánwò.

Wákàtí 3 ni: ìbéèrè 55 tí ọmọ yóò ti yan ìdáhùn, nínú ìṣẹ́jú 80, lẹ́yìn náà tíọ́rì 4 nínú ìṣẹ́jú 100. Tíọ́rì kẹta ló ń gbé ọ̀pọ̀ ọmọ ṣubú. Wọn á gbé ẹjọ́ tí ọmọ lè má gbọ́ rí síwájú rẹ̀, wọn á ní kó fi wé ọ̀kan lára ẹjọ́ Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ tó wà nínú sílábọ́ọ̀sì. Àkọ́sórí orúkọ ẹjọ́ kò ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹ wo Tinker v. Des Moines ti 1969: ọmọ ní láti mọ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ so aṣọ dúdú mọ́ apá láti tako ogun Vietnam, pé ilé ẹ̀kọ́ lé wọn sílé, pé ilé ẹjọ́ dá wọn láre, àti ìdí rẹ̀: ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ni, wọn kò sì da ẹ̀kọ́ rú.

Nínú àròkọ tó kẹ́yìn, kí ọmọ kọ́kọ́ sọ ibi tó dúró sí. Ẹni tó kàn ń to gbogbo ohun tó mọ̀ sílẹ̀ ń sọ máàkì nù.

Èyí tó ń ya òbí lẹ́nu jù ni pé kírẹ́dítì 6 lórí ìjọba ni òfin Texas ń béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìjọba. AP máa ń bo 3 péré, ìyẹn GOVT 2305, ti ìjọba àpapọ̀. GOVT 2306, ti ìpínlẹ̀ Texas, ṣì wà nílẹ̀. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ní dual credit (kíláàsì tí wọ́n ń kà fún sẹ́kọ́ńdírì àti ilé ẹ̀kọ́ gíga lẹ́ẹ̀kan náà) pẹ̀lú community college (ilé ẹ̀kọ́ gíga ti àdúgbò), ọmọ lè ṣe 2306 níbẹ̀. Máàkì ibẹ̀ yóò wà nínú transcript rẹ̀, àkọsílẹ̀ máàkì rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, títí, kó má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Kí 20 oṣù kẹfà tó kọjá, kí ọmọ yan yunifásítì 1 tí College Board yóò fi máàkì ránṣẹ́ sí lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ àkọsílẹ̀ ọmọ ní yunifásítì wò. Àwọn ibì kan wà tí kírẹ́dítì kò ní wọlé àfi tí ọmọ bá fúnra rẹ̀ béèrè fún un.