Pẹpẹ Ostara: Níbo Gan-an Ni Àríwá Wà?

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Oṣù Kẹta ti wọlé, òdòdó daffodil ti yọrí káàkiri Britain, àwọn ẹlẹ́sìn Wicca, ẹ̀sìn òde òní tó ń bọ ìṣẹ̀dá, sì ti ń nu pẹpẹ wọn sílẹ̀ de Ostara, àjọ̀dún ìgbà ìrúwé wọn. 20 oṣù Kẹta ló sábà máa ń bọ́ sí níbí, ọjọ́ tí ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn dọ́gba. Mi ò ní bá yín sọ̀rọ̀ aṣọ pẹpẹ o. Ẹni tó bá ní tábìlì ti mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ aṣọ sórí ẹ̀. Àwọ̀ ewé ni o, funfun ni o, èyí tó bá ti wù yín.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í ni mo bá wá: ÀRÍWÁ.

Èèyàn á kàn gbé pẹpẹ ti ògiri tó bá ṣófo, á ní iwájú òun ni àríwá. Ta ló sọ fún un? Ògiri ni? Ẹ wò ó, lórí pẹpẹ yìí, ohun kọ̀ọ̀kan ló ní ìhà tirẹ̀: ilẹ̀ ní àríwá, afẹ́fẹ́ ní ìlà-oòrùn, iná ní gúúsù, omi ní ìwọ̀-oòrùn. Tí ẹ bá kọjú sí àríwá, iyọ̀ tàbí erùpẹ̀ á wà lọ́hùn-ún, tùràrí lọ́wọ́ ọ̀tún, ife omi lọ́wọ́ òsì, àbẹ́là á wà nítòsí yín. Tí àríwá bá ti yẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló yẹ̀ yẹn.

Ẹ ti rí babaláwo nídìí ọpọ́n Ifá rí? Ojú Èṣù tí wọ́n gbẹ́ sí etí ọpọ́n, ọ̀kánkán babaláwo ló máa ń wà, á máa wò ó kòrókòró. Kò jẹ́ ju ọpọ́n sílẹ̀ bó ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹ̀sìn méjèèjì ò bá ara wọn tan o! Kẹ́nikẹ́ni má lọ gbé Èṣù sórí pẹpẹ Ostara kó ní èmi ni mo ní kó ṣe é. Ohun tí mò ń sọ ni pé nǹkan ìsìn ní iwájú, ó ní ẹ̀yìn.

Ó dáa. Kọ́ńpáàsì wà lórí fóònù yín. Ẹ kọ́kọ́ bọ́ kéèsì ara ẹ̀, pàápàá èyí tó ní mágínẹ́ẹ̀tì, nítorí mágínẹ́ẹ̀tì máa ń da kọ́ńpáàsì rú. Ẹ sún kúrò nídìí fíríìjì.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, ohun tó mú mi fẹ́ràn Ostara ju púpọ̀ nínú àjọ̀dún Wicca méje tó kù lọ́dún lọ nìyí. Lọ́jọ́ náà, ìlà-oòrùn gan-an gan-an ni oòrùn ti ń yọ! Kì í rí bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹfà, kì í rí bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún ni. London ni o, Ìbàdàn ni o, Sydney ni o, ọ̀kan náà ni. Oòrùn fúnra ẹ̀ ló ń nàka fún yín!

Ẹ má wá sùn gbàgbé o. Ní Britain, bí oòrùn bá ti ń gòkè ló ń yà sí gúúsù. Lẹ́yìn wákàtí kan, ibi tí ẹ máa bá a kì í ṣe ìlà-oòrùn gan-an mọ́. Tí ilé àwọn aládùúgbò bá dí i mọ́ yín lójú, ẹ dúró di ọ̀sán. Èmi máa ń gbé ìgò sójú fèrèsé tó kọjú sí gúúsù. Ní London, tí aago méjìlá bá ti kọjá ní ìṣẹ́jú mélòó kan, òjìji ẹ̀ á nà wọ inú yàrá, orí òjìji yẹn á sì kọ sí àríwá.

Mo tún un sọ: Ẹ̀YIN KỌ́ LẸ Ń YAN ÀRÍWÁ. ÀRÍWÁ TI WÀ NÍBI TÓ WÀ.

Ẹ̀yin ará Australia, oṣù Kẹsàn-án ni tiyín, ọ̀pọ̀ yín ló sì ń gbé iná lọ sí àríwá, torí ìhà ibẹ̀ ni oòrùn ọ̀sán yín wà. Ẹ má wò wá ṣe.

Ká sáré. Ẹyin: ẹ fi èèpo àlùbọ́sà sè é pẹ̀lú fínígà díẹ̀, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Irúgbìn nínú abọ́. Ehoro, tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé láti ìwáṣẹ̀ ni ehoro ti jẹ́ ẹran Eostre, òrìṣà tí wọ́n so orúkọ Ostara mọ́! Bede, mọ́ńkì ará Jarrow, ló dárúkọ Eostre lọ́dún 725. Kò mẹ́nu ba ehoro, kò mẹ́nu ba ẹyin. Jacob Grimm, onímọ̀ èdè ní Jámánì, ló fa orúkọ Ostara yọ lọ́dún 1835, Aidan Kelly, ẹlẹ́sìn Wicca ní Amẹ́ríkà, ló sì fi í sórí àjọ̀dún Wicca yìí lọ́dún 1974. Tuntun ni. Kò burú kó jẹ́ tuntun, irọ́ ló burú.

Wàyí o, àbẹ́là. Òun ló sún mọ́ ikùn yín jù, ẹ rántí. Tí ẹ bá nawọ́ mú iyọ̀ lọ́hùn-ún, orí iná ni apá aṣọ yín máa gbà kọjá. Àbẹ́là kúkúrú, nínú ife gíláàsì. KÚKÚRÚ, mo ní! Kí òdòdó jìnnà sí i. Tí ẹ bá ní ológbò, ẹ má gbé daffodil síbẹ̀ rárá: májèlé ni fún un, àtòdòdó àtomi inú ìgò ẹ̀.

Ẹ palẹ̀ gbogbo ẹ̀ mọ́ kí Beltane, àjọ̀dún tó tẹ̀ lé e, tó dé ní 1 oṣù Karùn-ún. Ẹ gbin irúgbìn yẹn, ẹ tú erùpẹ̀ sí ọgbà. Iyọ̀ ńkọ́? Ẹ má dà á sídìí òdòdó o, ó máa pa á. Ojú síǹkì ni kẹ́ ẹ dà á sí, kẹ́ ẹ ṣí omi lé e.